Bí Ọmọ Tíṣà Olújídé Ṣe Túfọ̀ Ẹni Tí Kò Kú

Wọ́n ní Ìyá Àlíù ti kú ní ìlú Ara. Wọ́n ní Ooreolúwa, ọmọ Tíṣà Olújídé, ló lọ túfọ̀ wọn fún ọmọ wọn ní Àbíjàn, pé ojú ìran ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti fi òkú náà hàn án. Àwọn kan tiẹ̀ ní òun gan-an ló fi àdúrà pa wọ́n. Kí oòrùn ọjọ́ Wẹ́sìdé yẹn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní Èjìgbò, ó ti dé Ara, ó ti gun ọ̀kadà lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Ìyá Àlíù ò kú. Èmi tí mò ń kọ èyí, èmi àti àwọn la jọ jókòó ní ẹ̀yìnkùlé wọn, à ń bó ẹ̀gẹ́, nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ sunkún wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, láti Mọ́ńdè sí Mọ́ńdè. Èyí tí ojú mi ò tó níbẹ̀, Ooreolúwa fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ọmọ náà kì í sì í purọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ mi ní gbogbo ìwé mẹ́fà tí mo kà. Wọn kì í purọ́ nílé wọn. Ẹgba nìkan ni wọ́n máa ń ná èèyàn.

Ìyá Àmírà ni wọ́n ń pè mí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo lò ní Adjamé, ní Àbíjàn, kí n tó padà wálé wá máa ṣe àtìẹ́kẹ́ tà, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa ń fi ẹja díndín jẹ lọ́hùn-ún. Ẹ̀gẹ́ Ìyá Àlíù ni mo ń rà, torí ó funfun, kò sì ní okùn nínú. Ilé tí mò ń gbé ní Èjìgbò kan ilé Joanna, ìyá Ooreolúwa. Mùsùlùmí lèmi, àwọn ń ṣe Mọ́mọ́nì, àmọ́ odi kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, iyọ̀ sì ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Mi ò mọ púpọ̀ nípa Mọ́mọ́nì. Mo mọ̀ pé wọn kì í mu tíì, wọn kì í mu kọfí, ká má tíì wá sọ ti ọtí. Mo sì mọ̀ pé tí ọmọkùnrin wọn bá ti bàlágà, wọ́n á kọ lẹ́tà sí i pé kó lọ fi ọdún méjì wàásù níbi tí àwọn bá yàn fún un. Wọn kì í sanwó fún un. Wọ́n á kó ọmọ méjì pọ̀, wọn ò gbọdọ̀ yara wọn, ibi tí ọ̀kan bá dé ni èkejì á wà. Wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n á so táì, wọ́n á lẹ orúkọ mọ́ àyà: Ẹ́ldà báyìí, Ẹ́ldà báyìí. Ẹ́ldà, ṣebí àgbà nìyẹn? Ọmọ ogún ọdún!

Nígbà tí lẹ́tà Ooreolúwa dé, Àbíjàn ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ẹ̀rín pa Èjìgbò. Ilé wo ló wà nínú ìlú yìí tí kò ní ọmọ ní Àbíjàn? Àmọ́ kárà-kátà ni tiwọn ń lọ ṣe. Wọ́n ní, “Joanna, ibi tí gbogbo ayé ń lọ ṣiṣẹ́ ajé, ibẹ̀ ni ọmọ tìrẹ fẹ́ lọ máa kanlẹ̀kùn kiri lọ́fẹ̀ẹ́?” Joanna tó ti ṣe opó láti ọdún mẹ́rin, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní náà nìyẹn, ó sì di ẹrù rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń gbà wọ́n láyè láti pe ilé. Ojú fóònù Joanna ti fọ́, nítorí náà orí tèmi ni ọmọ náà máa ń pè sí, àwa méjèèjì á sì jọ jókòó sórí àga gígùn ẹ̀yìnkùlé mi. Mọ́ńdè tí mò ń wí yìí, bí mo ṣe rí ojú rẹ̀ nínú fídíò ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ò dáa.

Mo ní, “Àgbà Olújídé! Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ṣé ẹ̀ ń jẹun ṣá? Ọrùn yín ti tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀.”

Tẹ́lẹ̀, á ti bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màámi, ó ti sú mi.”

Joanna ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, màámi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Oṣù mẹ́rin rèé. À ń rìn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Tí mo bá sọ Faransé, ọmọ kékeré á máa sín mi jẹ. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹ padà wá lọ́la, tá a bá padà dé, wọ́n á ti ti ilẹ̀kùn. A ó máa gbọ́ rédíò wọn nínú ilé.” Ó nu ojú. “Mo ti fún ara mi di Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Tí n ò bá rí ẹnì kan ṣoṣo tó ní ká padà wá, tó sì dúró dè wá, màá ní kí ààrẹ tó ń darí àwa oníwàásù dá mi padà sílé.”

Joanna ò sọ pé fara dà á. Kò sọ pé má dójú tì mí. Ó ní, “Ilé ni ilé rẹ, ọmọ mi.” Bí fóònù ṣe kú ló dìde, ó lọ sí yàrá ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò gaàrí tó ti kó pamọ́ síbẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gaàrí ló ń yan tà, ibẹ̀ nìkan ni òjò kì í ti í jò sí i.

Mo ní, “Ìyá Ooreolúwa, ṣé o ò ní gbà á níyànjú ni? O mọ ohun tí àwọn ẹlẹ́nu máa sọ.”

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọmọ tó bá ní òun ń bọ̀ wá sùn, ṣé kò yẹ kó bá ibi tó máa sùn?” Ó gbé àpò mìíràn. Ó gbé e títí ó fi gbá ilẹ̀ yàrá náà, ó sì gbé bẹ́ẹ̀dì síta sínú oòrùn. Èmi rí ojú rẹ̀ o. Kì í ṣe ojú ẹni tí inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ Túsìdé, Ooreolúwa àti ẹnì kejì rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mọ́kànlélógún ní Yopougon, àdúgbò kan ní Àbíjàn. Kasongo ni wọ́n ń pe ẹnì kejì náà, ọmọ Kóńgò ni, Faransé rẹ̀ ń dán bí epo. Wọ́n bá ìyá arúgbó kan fa omi kún kẹ̀ẹ̀gì mẹ́fà, ìyá súre fún wọn, ó sì tilẹ̀kùn. Bàbá kan pè wọ́n wọlé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn fún wákàtí kan gbáko, wọ́n rò pé ọwọ́ ti bà á. Ìgbà tí wọ́n parí, ó ní ṣé àwọn ló ń ṣètò físà Amẹ́ríkà?

Ó wá di Wẹ́sìdé. Wọ́n jí jáde, kí wọ́n lè bá àwọn èèyàn nílé kí kálukú tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Wọ́n wọ àgbàlá kan tí ayálégbé pọ̀ sí, ni Ooreolúwa bá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti inú yàrá: “Ta ló kó bàtà sẹ́nu ọ̀nà báyìí? Ṣé kó lè gbé mi ṣubú ni?” Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé gẹ́lẹ́! Ó ní inú òun dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí òun sunkún. Ó sọ fún Kasongo pé, “Ará ilé mi nìyí. Fi èyí sílẹ̀ fún mi.”

Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó na gbalaja sílẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo orúkọ tó wà láyà rẹ̀.

Ó ní, “Olújídé? Olújídé wo? Ti Ara? Tíṣà tó ń ka lẹ́tà?”

“Bàbá mi ni wọ́n, sà.”

Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọ Ara. Nígbà tí kò tíì sí fóònù, Tíṣà Olújídé ló ń ka lẹ́tà Àbíjàn fún àwọn ìyá, àwọn náà ló ń bá wọn kọ èsì. Tí ẹnì kan bá sì kú, àwọn àgbààgbà á fi Tíṣà àti ẹnì kan ṣìkejì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ òkú. A kì í fi ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo túfọ̀, a kì í sì í fi ọ̀sán ṣe é. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ tó rí Tíṣà àti ẹnì kejì, á ti bú sẹ́kún kí wọ́n tó lanu.

Ọmọ wa ò mọ èyí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí ìwé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan la bá wá, ó kan ẹbí yín.” Ọkùnrin náà ò jókòó, ó di ògiri mú. Ooreolúwa ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ikú kì í ṣe òpin.”

Ìgbà tó ń sọ ọ́ fún mi, mo pariwo. Mo ní, “Ooreolúwa! O wọ funfun, ẹ pé méjì, láàárọ̀, o ní kí wọ́n jókòó, o dárúkọ ẹbí, o tún wá dárúkọ ikú?”

Ó ní, “Ìyá Àmírà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.”

Mo ní, “Wọn ò kọ́ yín mọ́ ti ọmọ Ara!”

Àlíù ni ọkùnrin náà. Ó gbé ara lulẹ̀ gbì, ó ní, “Ìyá mi o! Mo pẹ́ jù o!” Ọdún kọkànlá rèé tó ti lọ. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ, àwọn yẹn ti kọ́lé sí Èjìgbò, gèètì ńlá wà níbẹ̀. Òun ò tíì rí tiẹ̀ ṣe. Lọ́dọọdún ni yóò ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ojú ń tì í láti pe ìyá rẹ̀, ó yí nọ́ńbà padà. Ìyá náà ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Tí mo bá lọ ra ẹ̀gẹ́, tí mo sì béèrè rẹ̀, wọ́n á ní, “Èwo ni ó wù ọ́ nínú èyí, ńlá ni àbí kékeré?”

Ooreolúwa ń kígbe pé, “Wọn ò kú, sà! Mi ò wá túfọ̀!”

Àlíù ní, “Dákẹ́ ńbẹ̀! Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ máa ń ṣe! Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara ló ń ni wọ́n díẹ̀!”

Kasongo ò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó rí ni pé ẹnì kejì òun sọ gbólóhùn mẹ́ta péré, ọkùnrin náà sì ti wà nílẹ̀, ó ń sunkún. Ó rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé e. Òun náà kúnlẹ̀, ó ń fi Faransé dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àwọn ará àgbàlá ti kún inú ilé, wọ́n ń ká ọwọ́ lérí. Qàwíyyàt, ìyàwó Àlíù, tó jẹ́ ọmọ Èjìgbò, ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ibẹ̀ ni àsọkiri ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa wà ní Ara, ẹ̀gẹ́ ń bẹ nílẹ̀, ọ̀bẹ ń bẹ lọ́wọ́. Ọ̀kadà kan dúró gìjà, obìnrin méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ké “Ìnnálíláhì! Ìnnálíláhì!” Ìyá Àlíù dìde wùyà. Bàrákátù ni orúkọ wọn, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn le.

Wọ́n ní, “Ta ló kú?”

Àwọn obìnrin náà wò wọ́n, wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, “Ẹ̀yin ni, mà.”

“Èmi wo?”

“Àlíù ló ń sunkún yín ní Àbíjàn.”

Ìyá Àlíù jókòó padà. Wọ́n ní, “Ó dáa. Nígbà tẹ́ ẹ ti wá ṣòkú mi, ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ bá wa bó ẹ̀gẹ́. Òkú náà ní iṣẹ́ nílẹ̀.”

Èmi ti mú fóònù, mo pe nọ́ńbà Ooreolúwa. Wọn kì í gbé ìpè ilé ní Wẹ́sìdé, àmọ́ ó gbé e. Gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ ni ẹkún. Mo ní kó kọjú fóònù sí Àlíù, mo sì kọjú tèmi sí ìyá rẹ̀. Àlíù rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹ̀gẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà wò ó títí.

Wọ́n ní, “Ó ti rí mi. Pa fóònù náà.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́...”

“Mo ní kí o pa á. Ìgbà tí mo kú ló rántí pé òun ní ìyá.”

Mo pa á. A padà sídìí ẹ̀gẹ́, a bó o tán.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún Joanna. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, “Ó ti parí. Ọmọ yẹn ń bọ̀ wálé.” Ó lọ gbá yàrá tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ooreolúwa náà sọ pé lóru yẹn òun ti ká aṣọ òun sínú báàgì. Àmọ́ a kì í da ilé onílé rú ká má tọrọ àforíjì, nítorí náà òun àti Kasongo padà sọ́dọ̀ Àlíù lọ́jọ́ Tọ́sìdé. Àlíù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú.

Ó ní, “Mùsùlùmí ni mí o. Bó bá jẹ́ ìwàásù lẹ bá wá, ẹ kọjá.”

Ooreolúwa dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀bẹ̀ la bá wá, sà.”

“Dìde. Aṣọ funfun nìyẹn.” Ó sún fún wọn lórí àga.

Àlíù ní ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan. Bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe, ó ti yọ ìwé pélébé kan nínú báàgì Kasongo. Ìwé náà, àwọn Mọ́mọ́nì ló ń pín in, orúkọ ìdílé ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀: ìwọ, àwọn òbí rẹ, àwọn tó bí wọn, àwọn tó bí àwọn yẹn. Wọ́n gbà gbọ́ pé ẹbí kì í túká, kódà bí ikú bá dé. Ọmọ náà ní kí bàbá òun máa pe orúkọ, òun á máa kọ ọ́. Àlíù pe ti bàbá rẹ̀, ó kún títí dókè. Ó pe ti ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbé bírò dúró.

Ó ní, “Bàbá, ta ló bí ìyá yín?”

Àlíù wo ìwé. Ó ní, “Mi ò mọ̀.”

“Kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n léèrè.”

Ooreolúwa ní ọ̀rọ̀ kún òun lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn, oríṣi ẹsẹ ìwé mímọ́ mẹ́ta ló wá sí òun lọ́kàn, àmọ́ Wẹ́sìdé ti kọ́ òun lọ́gbọ́n. Ó panu mọ́. Àlíù wá ní, “Ẹ padà wá ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun alàásárì.” Ooreolúwa dúpẹ́, àmọ́ kò kà á sí. Ó ti gbọ́ ẹ padà wá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, Qàwíyyàt gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ òun ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Mo lọ. Mo fi ẹ̀gẹ́ ṣe àwáwí.

Ní Yopougon, ìgbà tí àwọn ọmọ méjèèjì yọ sí àdúgbò yẹn, wọ́n rí èèyàn lórí àga níwájú àgbàlá. Àlíù ni. Ó wọ jàlàbíà tó lọ̀, ó ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tó ti kírun tán. Ìdílé mẹ́rin nínú àwọn tó bá a sunkún ní Wẹ́sìdé náà gbé àga jáde, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìwé orúkọ wà, ṣé ó kan tàwọn? Ooreolúwa ní ṣe ni òun dúró sójú títì, tí Kasongo ń fa òun lọ́wọ́ pé kí ló dé.

Fóònù mi dún. Ìyá Àlíù wò mí. Wọ́n ní, “Tó bá jẹ́ pé ẹni yẹn ni, mi ò sí nílé.”

Mo ní, “Wọn ò pè láti tọrọ nǹkan kan, Ìyá. Orúkọ kan ni wọ́n fẹ́ bi yín.”

“Orúkọ ta?”

“Orúkọ ìyá tó bí yín.”

Wọ́n sinmi bíbó. Wọ́n ní, “Orúkọ ìyá mi? Kò sí ẹni tó bi mí léèrè rẹ̀ rí.” Wọ́n nawọ́ gba fóònù. Ọmọbìnrin náà ló jókòó síwájú, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọpẹ́ lorúkọ ìyá mi,” ni Ìyá Àlíù wí. “Kọ ọ́ dáadáa. Ó pẹ́ kí wọ́n tó bí i ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n pe ìyá Ọmọpẹ́, wọ́n pe àbúrò rẹ̀, wọ́n ní ta ló ga, ta ló láhun. Wọ́n ń pè é, ọmọ ń kọ ọ́. Ìgbà tó yá, wọ́n dánu dúró. “Ìwọ tó ò ń kọ̀wé, kí lorúkọ tìrẹ?”

Ọmọ náà ní, “Bàrákátù.”

Ìyá Àlíù wo ọmọ náà, wọ́n wò mí, bíi pé èmi ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí Àlíù ti ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ láràárọ̀, tí ìyá ò mọ̀.

Wọ́n ní, “Bàbá rẹ dà?”

Àlíù sún mọ́ ọn. “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ mi ló ṣófo. N ò rí ohun tí màá mú bọ̀.”

Wọ́n ní, “Àlíù, ọwọ́ òfo lo fi jáde nínú mi, mo sì gbé ọ. Gbé ọmọ yìí wá sílé fún Iléyá.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún, iná fóònù mi kú, a ò sì tíì kọ orúkọ ìdajì ìdílé náà tán.

Ó wá di Mọ́ńdè. Fóònù dún, Joanna ò gbé e. Ó tì í sí mi lọ́wọ́. Ó ní, “Bá mi gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ,” ó sì gba ìdí ààrò gaàrí rẹ̀ lọ, ó ń da àgbàdá rú, bẹ́ẹ̀ kò tíì koná sí i.

Ooreolúwa sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Ó ní Àlíù ò di Mọ́mọ́nì, kò sì ní dì í, ṣe ló tiẹ̀ ń pe òun wá sẹ́sìn Mùsùlùmí. Ó ní àwọn máa padà lọ sí àgbàlá náà lọ́la, ìdílé mẹ́rin ń dúró de àwọn.

Mo ní, “Gbogbo èyí dára, Àgbà Olújídé. Kí ni kí n wá sọ fún ìyá rẹ tó ti kó gaàrí kúrò ní yàrá rẹ, tó tún ń yan òmíràn láìsí iná?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Ó ní, “Ẹ sọ fún màámi kí wọ́n kó àpò gaàrí wọn padà sí yàrá mi, kí òjò má bà á jẹ́ níta.”